Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ìgbátí Ọkọ̀ Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ilé yín ní Fọlá Agoro ni mo ti ń kọ ìwé yìí, lórí tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, tí ẹ fi páálí ìṣáná gbé sókè. Páálí náà ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀sán ni. Iná ti lọ láti àná, Màámi sì wà lẹ́yìnkùlé. Ẹ mọ̀ pé n kì í ṣe ẹni tó máa ń tú inú rẹ̀ sílẹ̀. Nínú gbogbo ìwé ìrántí tí mo ti kọ láti ọdún yìí wá, òjò ni mo ń kọ, àti wákàtí tí iná lọ, àti orúkọ ẹni tó wá kí wa. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín lónìí kò sí nínú ọ̀kankan nínú wọn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fò ó ni.

Èmi ni mo ba ọkọ̀ yín jẹ́, Bàbá.

Ó ti pé ọdún méjì tí a sin yín, ọdún méjì náà sì ni Màámi ti fi ru ẹ̀bi yìí fún mi. Ó gbà pé omi iyọ̀ tó ń jò láti inú agbọ̀n ẹja òun ló jẹ ọkọ̀ yín ní etí ihò táyà. Ní àràárọ̀, bí ó bá ti gbàdúrà tán, ó máa ń dúró níwájú àwòrán yín lára ògiri, ó máa ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má bínú, pé ẹja òun ni. Mo máa ń gbọ́ ọ láti inú yàrá mi. Mo máa ń gbọ́ ọ, n ó sì máa so okùn bàtà mi lọ.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí mo gbé ìgbátí náà wálé? Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ní ìgbátí, ẹ ní ó jọ èyí tí télọ̀ ń fi sí etí agbádá. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ dídán mẹ́rin ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ̀ bí òṣùmàrè, tí a ó kàn mọ́ ibi tí ara ọkọ̀ ti yí ká orí táyà. Mo ti ń sún mọ́ ogójì ọdún nígbà náà. Ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo fi gba ìwé ẹ̀rí ìmọ̀ ẹ̀rọ mi ní pólì, lẹ́yìn iṣẹ́ ọ́fíìsì, ọdún márùn-ún gbáko. Ọjọ́ tí èsì jáde, ẹ dé fìlà, ẹ gba ojúlé dé ojúlé títí dé ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Lámídì, wẹ́dà tó ń bá yín jó irin ní Bàrígà, ẹ ń sọ fún ẹni tó bi yín àti ẹni tí kò bi yín pé ọmọ yín ti mọ irin tinú tẹ̀yìn. Ojú tì mí, inú mi sì dùn. Mo wá ń wá ohun kan tí n ó fi ṣe ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yín, ohun tí ojú lè rí.

Ìgbà Sáàpù ni, ètò ìjọba tó ní kí gbogbo wa fún ìgbànú mọ́dìí. Àwọn ológun ń sọ lórí rédíò pé kí a ṣe sùúrù, nígbà tí ohun èlò ọkọ̀ ti di ohun tí à ń lọ wò lásán ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ máa ń sọ pé ọkọ̀ tuntun ti bọ́ lọ́wọ́ irú wa, kí olúkúlùkù tọ́jú ògbólógbòó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sì tọ́jú tiyín. Títí di òní ni mo ń rí kẹ́ẹ̀gì omi kànga méjì lẹ́yìn àga yín, tí ẹ ń gbé láti ilé lọ sí Ìlàjẹ, létí ọ̀sà gan-an. Àwọn obìnrin ẹlẹ́ja a máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ tún ti ń gbé omi lọ fún omi. Bí a bá ti kó agbọ̀n Màámi sínú ọkọ̀ tán, kí a tó gbéra lọ sí ọjà Onípanu, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ ó máa fi ife ike bu omi kànga sí abẹ́ ihò táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí pé iyọ̀ ọ̀sà kò gbọdọ̀ gbẹ mọ́ irin lára. Bí a bá délé, ẹ ó tún fi àdín pa á. Òórùn àdín yẹn! Mo máa ń fi orí síta fèrèsé kí ó má bàa kọ mọ́ aṣọ ọ́fíìsì mi. Ẹ̀yin kò sọ pé ẹ rí mi. Ṣé ẹ rí mi?

Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ni mo kan ìgbátí náà. Ọkọ̀ yín ni yóò kó iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìdúpẹ́ ẹgbẹ́ yín wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, mo sì fẹ́ kí ó dán lójú gbogbo ìjọ. Mo yá dírílì ní ọ́fíìsì, mo lu ihò mẹ́fà mẹ́fà sí etí táyà kọ̀ọ̀kan. Bàbá, mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Wọ́n kọ́ wa pé ẹni tó bá lu ihò sára páànù ti bó awọ lára rẹ̀. Kí ó fi ọ̀dà pupa tí kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún kun etí ihò náà, kí ó jẹ́ kí ó gbẹ, kí ó tẹ́ rọ́bà sáàárín irin méjèèjì, kí ó sì fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ kí omi lè rí ọ̀nà jáde. Wọ́n béèrè rẹ̀ nínú ìdánwò. Mo kọ ọ́ dáadáa.

Kò sí ọ̀dà pupa ní Ṣómólú lọ́jọ́ náà. Mo dé ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta. Ẹni kẹta ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìkórè kò sì lè dúró de ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo kàn án bẹ́ẹ̀, irin lórí irin, mo sì fún un pinpin nísàlẹ̀ kí ó lè jókòó dáadáa. Mo sọ fún ara mi pé n ó tú u lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, n ó kun ún, n ó sì dá a padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, ẹ ti wà á yí Bàrígà ká.

Ẹ ò gbàgbé sójà tó dá wa dúró lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Ó fi ìdí ìbọn kan ìgbátí náà, kó, kó. Ẹ̀yin kàn rẹ́rìn-ín:

“Ọmọ mi ló ṣe é, ọ̀gá. Ọmọ pólì ni.”

“Bàbá, ọmọ yín gbìyànjú gan-an o. Ẹ máa lọ, ẹ má dí ọ̀nà.”

Láti ibẹ̀ títí dé ilé, ẹ ń súfèé orin ìyìn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ya ẹnu sọ fún yín pé kí a tú u?

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e ló kọ́kọ́ fi mí hàn. Mo jí, mo sì rí omi pupa tó ń sun láti abẹ́ ìgbátí ti ẹ̀yìn lápá òsì, bí omi tó ń jáde lójú egbò. Mo fi àkísà nù ún kí ẹ tó jáde wá. Láti ọjọ́ náà, bí òjò bá ti rọ̀, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dé ìdí ọkọ̀ láàárọ̀. Ẹ máa ń yìn mí fún un, pé mo ti ń jogún ìfẹ́ ọkọ̀ lára yín.

Lẹ́yìn ikú yín, n kò nù ún mọ́. Màámi ń fi ọkọ̀ náà ṣòwò lọ, èmi ni mo ń wà á fún un lọ́jọ́ tí n kò bá lọ síṣẹ́. Ní oṣù tó kọjá, bí ó ti ń sọ agbọ̀n kalẹ̀ ní Onípanu, páànù kan já láti etí táyà ẹ̀yìn, ó sì ṣubú sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ṣà á. Ó dì í sínú gèlè rẹ̀ bí ẹni di owó, ó sì gbé e wálé. Ọjọ́ kejì ló sọ fún mi pé kí n lọ pe àwọn tó ń ra irin àlòkù.

“Kí wọ́n wá gbé e. N kò tún lọ sí Ìlàjẹ mọ́. Ẹja tó jẹ ọkọ̀ bàbá rẹ run, n kò fi ọwọ́ mi kàn án mọ́ láyé.”

Ogún ọdún ó lé ni Màámi fi ta ẹja, Bàbá. Ẹja náà ló rán mi ní pólì. N kò lọ pe olùra irin. Bọ̀dá Lámídì ni mo lọ pè, kí ọkọ̀ lè dúró, kí òwò rẹ̀ náà lè dúró. Mo tún fẹ́ kí wọ́n ṣe é láìjẹ́ pé mo ní láti sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹn náà jẹ́ òtítọ́.

Sátidé ìmọ́tótó àyíká ni Bọ̀dá Lámídì wá, lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rìn títí di aago mẹ́wàá. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbà wọlé, wọ́n gbé ìgbálẹ̀ lé èjìká, àpò irinṣẹ́ sì wà lábẹ́ apá. Wọ́n ní láti Bàrígà wá ni àwọn ti ń gbálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí àwọn bá ti rí sójà, pé àdúgbò mẹ́ta jẹ àwọn ní ọpẹ́. Wọ́n wo ìgbátí náà, wọ́n wò mí.

“Ínjíníà, sún mọ́ ibi. Wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ.”

Ìṣó oníyìí náà kọ̀, kò yí. Bọ̀dá Lámídì fi kísù, irin mímú tí wọ́n fi ń gé irin, gé orí wọn níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìgbátí ẹ̀yìn lápá òsì já, mo di ojú mi, nítorí mo mọ ohun tí mo ń retí: ìpáàrà láti òkè délẹ̀, páànù tó ti di ẹ̀kúrú. Òórùn ló jẹ́ kí n la ojú. Àdín ni.

Ìpáàrà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ti jẹ etí gbogbo ihò tí mo lu, ó sì ti jẹ ibi tí páànù ti já. Ṣùgbọ́n láti orí dé ìdí, gbogbo ẹ̀yìn ìgbátí náà kún fún àdín tí a pò mọ́ gírísì, dúdú, ó ki, ìpele lórí ìpele. Nísàlẹ̀ ìgbátí náà, níbi tí mo fún pinpin, ihò kéékèèké mẹ́ta wà, etí wọn dán, tí ẹnì kan fi sùúrù lù kí omi lè jáde. Èmi kọ́ ni mo lu wọ́n. Bákan náà ni mẹ́ta yòókù rí.

“Ẹ̀yin lẹ ṣe èyí, Bọ̀dá?”

“Èmi kẹ̀! Ṣé bàbá rẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án ni? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ fún wọn pé omi ń sùn sẹ́yìn nǹkan yìí, kí n bá wọn tú u, kí n kun ún, wàràwàrà ni n ó dá a padà. Lẹ́ẹ̀kejì, díẹ̀ ló kù kí wọ́n là mí ní sípánà. Wọ́n ní ọmọ àwọn ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án. Wọ́n tún ní bí ìwọ bá gbọ́ ọ, ẹnu mi ni àwọn ó bá wí.” Wọ́n fi èékánná ha àdín náà, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. “Bí kì í bá ṣe ti eléyìí, ajere lò bá máa wà kiri láti ọjọ́ yìí.”

Mo kàn ń nu ìgbátí náà.

Lọ́jọ́ Ajé mo lọ sí Ìlàjẹ láti sọ fún Ìyá Ẹ̀bùn, oníbàárà Màámi, pé ọkọ̀ wà lọ́wọ́ wẹ́dà. Ó ń yí ẹja lórí àgbàn tí wọ́n fi ń yan án. Mo rọra bi í bóyá ó rí yín rí kí ẹ máa fi àdín ṣe nǹkan sí ẹ̀yìn ìgbátí ọkọ̀. Mo rò pé yóò ní òun kò mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú.

“Akọ́mọ̀wé! O ò mọ̀? Gbogbo etí omi yìí ló mọ̀ o! Ọjọ́rú-Ọjọ́rú ni bàbá rẹ ń fún ìyàwó kékeré lábẹ́rẹ́!”

Ọkọ̀ yín ni wọ́n ń pè ní ìyàwó kékeré. Ó wá sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní ẹ ní abẹ́rẹ́ ńlá kan, irú èyí tí wọ́n fi ń gún màlúù, tí ẹ rà lọ́wọ́ onímàlúù kan. Bí Màámi bá ti sọ̀kalẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi láti ná ẹja, ẹ ó yọ́ àdín pẹ̀lú gírísì lórí iná àwọn tó ń yan ẹja, ẹ ó fà á sínú abẹ́rẹ́, ẹ ó dọ̀bálẹ̀ lórí àpò, ẹ ó máa gún un sẹ́yìn ìgbátí náà, ihò kan sí òmíràn. Àwọn obìnrin á yí yín ká. Wọ́n á ní, “Bàbá, aya yín yìí mà ń ṣàìsàn jù o!” Ẹ̀yin á ní, “Ẹ rẹ ohùn sílẹ̀, ìyálé ń bọ̀.” Lọ́jọ́ kan ni Ìyá Ẹ̀bùn bi yín ìdí tí ẹ kò fi yọ nǹkan náà dànù kí ẹ sinmi. Ó ní ẹ dìde, ẹ gbọn iyanrìn kúrò lára, ẹ ní: “Bí ọmọ bá dá aṣọ fún mi, ṣé ojú ọjà ni kí n ti bọ́ ọ?”

Mo jókòó sórí ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Bàbá, láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀? Ṣé àkísà mi lẹ rí, àbí omi pupa náà ló kọ́kọ́ yọ sí yín? Láàárọ̀ tí mo ń nu ẹ̀gbin kúrò kí ẹ má bàa rí i, ṣé ẹ dúró lẹ́yìn kọ́tìnì tí ẹ ń wò mí? Kí ló dé tí ẹ kò pè mí kí ẹ ní, ọmọ, o ṣe é ní àṣìṣe, jẹ́ kí a jọ tú u? Mo rò pé n ó ti sunkún, a ó sì ti tú u kí oòrùn tó wọ̀. Àbí n kò ní gbà? Ẹ mọ̀ mí ju bí mo ti mọ ara mi lọ. Ó ṣeé ṣe kí n má gbà.

Mo gbé ìgbátí náà lọ bá Màámi lẹ́yìnkùlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀, mo gbé e síwájú rẹ̀, mo sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: dírílì, ọ̀dà pupa tí n kò rí rà, ìkórè, àkísà, àdín, abẹ́rẹ́. N kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó gbọ́ ọ tán láìwò mí. Ó wá ihò kékeré tí ẹ lù nísàlẹ̀ rí, ó fi ìka kàn án.

“Ọdún méjì ni mo fi ń bẹ òkú.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Níwájú fọ́tò. Ìwọ sì ń gbọ́ mi nínú ilé?”

“Mo ń gbọ́ yín, mà.”

“Ó dáa.”

Ó gbé àwo ẹ̀wà, ó wọlé. Kò tún bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń gbé oúnjẹ mi sórí tábìlì, ó ń fi àwo dé e, ṣùgbọ́n bí mo bá kí i, ó kàn ń mi orí. Kò pe orúkọ mi. Kò pe mí ní ohunkóhun. Mo gbà pé ẹ̀tọ́ mi ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo gbọ́ ọ níwájú àwòrán yín. N kò so bàtà. Mo dúró gbọ́ ọ.

“Abẹ́rẹ́,” ni ó ń sọ fún yín. “Ẹ̀yin ọkùnrin yìí. Èmi ń ná ẹja, ẹ̀yin ń gún ọkọ̀ lábẹ́rẹ́. Èmi wá di ẹni tó jẹ ọkọ̀ run.” Mo sì gbọ́ ẹ̀rín kékeré kan, irú èyí tó máa ń rín fún yín nìkan.

Nínú ọjọ́ wọ̀nyẹn ni Bọ̀dá Lámídì gé gbogbo ibi tí ìpáàrà ti jẹ, wọ́n sì jó páànù tuntun sí i, èyí tí wọ́n gé lára òrùlé ọkọ̀ àlòkù kan. Èmi ni mo ha á, èmi ni mo fọ̀ ọ́, mo sì kun ún ní ọ̀dà pupa lẹ́ẹ̀mejì. Mo dúró kí ti àkọ́kọ́ gbẹ pátápátá kí n tó kun èkejì. Bọ̀dá Lámídì ní irú sùúrù wo nìyí, ṣé mo fẹ́ gbé ọkọ̀ níyàwó ni. Ọ̀dà aláwọ̀ wàrà tó bá ara ọkọ̀ mu kò sí lọ́jà, etí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì pupa yàtọ̀ bí àpá. Wọ́n gbé ìgbátí náà dání, wọ́n ti nù ún mọ́.

“Ká dá a padà? Mo ti gé rọ́bà sí i. Á bo àpá yẹn mọ́lẹ̀ pátápátá.”

Mo ronú lé e, Bàbá. Mo ronú lórí ohun tí ẹ jìyà rẹ̀ kí ó lè wà níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n má dá a padà. Ẹni tó bá wo ọkọ̀ náà ni kí ó rí àpá. Ó ti pẹ́ jù tí mo ti ń bo ibẹ̀. Ṣé inú bí yín? Ṣé ẹ rò pé mo bọ́ ọ lójú ọjà?

Láàárọ̀ àná ni Màámi jáde, ó ti ró ìró ìṣòwò rẹ̀, ó sì to agbọ̀n òfìfo sẹ́yìn ọkọ̀ láìsọ pé ó ti yí ọkàn padà. Ó wọlé síwájú. Mo wà á lọ sí Ìlàjẹ, a kò sọ ọ̀rọ̀ kan láti Fọlá Agoro títí dé etí omi. Bí ọkọ̀ ti dúró ni Ìyá Ẹ̀bùn ti rí etí táyà, ó sì pa igbe:

“Yéè! Ẹ̀yin èèyàn, ta ló tú ìyàwó kékeré sí ìhòhò? Aṣọ rẹ̀ dà?”

Gbogbo wọn yíjú. Mo la ẹnu láti dáhùn, ṣùgbọ́n Màámi ti sọ̀kalẹ̀, ó ti ń fa agbọ̀n àkọ́kọ́ jáde, kò sì gbé ojú sókè.

“Ọmọ mi ni. Òun ló wọ̀ ọ́ fún un, òun náà ló bọ́ ọ. Kí ló kàn yín ńbẹ̀? Ẹ gbé ẹja wá kí n wò ó.”

Ọmọ mi. Ó ti di ọjọ́ kẹrin tí n kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Èmi ni, Bàbá, ẹni tí ẹ fi yangàn ju bí ó ti yẹ lọ, tí ó sì nífẹ̀ẹ́ yín ju bí ó ti sọ fún yín rí lọ,

Ọmọ yín.